Tí orí lésà bá ń kìlọ̀ fún yín: bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀ láti ẹnu nọ́súlù

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, à ń gé pánẹ́ẹ̀lì géètì fún oníbàárà kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, irin dúdú tó nípọn tó 3 mm. Ẹ̀rọ lésà tí a fi ń gé irin gé ihò méjì, ó wọ ẹ̀kẹta, ó dákẹ́. Orí lésà, apá tí ìmọ́lẹ̀ tó ń gé irin ti ń jáde, gbéra sókè fúnra rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà pọ́n, ó ní nọ́súlù, ẹnu kékeré tó wà nísàlẹ̀ orí náà, ti kan irin. Bẹ́ẹ̀ ni kò kan irin, èmi fúnra mi ni mo dúró tì í. A rísẹ́ẹ̀tì, ó gé ihò kan, ó tún dúró. Ọmọ iṣẹ́ mi ti mú fóònù, ó fẹ́ pe ẹni tó ń ta sẹ́ńsọ̀ fún wa ní Èkó. "Ọ̀gá, sẹ́ńsọ̀ yìí ti kú o." Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀ ná. Mo tú nọ́súlù, mo yọ òrùka sẹ̀rámíìkì funfun tó wà lókè rẹ̀, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń wọlé, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ìlà kan wà lára rẹ̀, tín-ín-rín bí irun orí, láti etí inú dé etí òde. Eruku irin ti wọ inú ìlà náà, ó ti dúdú. Sẹ́ńsọ̀ ò kú. Ohun tó rí ló ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi lésà fíbà gé irin ni mo ń kọ èyí fún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ìdí wẹ́dìn bọ́ sídìí rẹ̀ bíi tèmi. Níbi tí mo wà ní Adó-Èkìtì, tí nǹkan bá bàjẹ́ lára orí lésà, kì í ṣe ohun tí èèyàn máa sáré lọ rà lọ́jà kó tó di ọ̀sán. Èkó la máa ń ránṣẹ́ sí, nígbà míì a ó dúró kó ti Ṣáínà dé. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá fi dúró, àwa la ń jẹ gbèsè rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi ni pé sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo ló ń wọ̀n. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi ara yín pé, kí ni eléyìí ń wọ̀n? Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ wo ohun náà gan-an, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ irin jù, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti tètè ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà ni àtúnṣe ò ti wọ́n.

Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun

Ẹ tẹ bọ́tìnì pupa. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ pa orísun lésà, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ náà sápò ara yín, kí ẹlòmíì má baà tàn án nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú. Ẹ ti gáàsì, kí ẹ tú èyí tó kù nínú rọ́bà jáde títí géèjì yóò fi dé òdo. Mo mọ̀ pé oníbàárà ń pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Ìmọ́lẹ̀ lésà fíbà kì í hàn sójú. Ìgbì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 1,070 nm, ojú èèyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ríran kọjá 700 nm. Torí pé ojú ò rí i, ìpéǹpéjú ò ní pa dé fún un bó ṣe máa ń pa dé fún iná wẹ́dìn. Èèyàn lè ti pàdánù ojú kó tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Gíláàsì dúdú tí a fi ń ṣe wẹ́dìn kì í ṣe tirẹ̀. Gọ́gù tí wọ́n ṣe fún ìgbì yẹn, tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára rẹ̀, ni kí ẹ wọ̀ nígbàkígbà tí lésà bá wà ní títàn tí ìlẹ̀kùn sì ṣí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó rísẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yára pa ìkìlọ̀ rẹ́, tí wọ́n bá wá pe tẹkiníṣíánì, "ó kọ nǹkan pupa kan" ni wọ́n ń sọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: irin wo lẹ̀ ń gé, báwo ló ṣe nípọn tó, gáàsì wo, pírẹ́ṣọ̀ mélòó, ṣé iná ìjọba ni àbí jẹnẹrétọ̀, ó ti tó ìṣẹ́jú mélòó tí ẹ ti tan ẹ̀rọ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ìkìlọ̀ tó wá ní kété tí ẹ tan ẹ̀rọ àti èyí tó wá lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú kì í jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ ka iye ìkìlọ̀ tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ máa bá mi bọ̀. Àmọ́ tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ti gíga nọ́súlù, ti gíláàsì, ti gáàsì bá jọ pariwo pọ̀, ẹ má wulẹ̀ tú orí lésà. Ohun mẹ́ta kì í sábà bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ lọ wá ohun tí wọ́n jọ ń lò: páwà sọ́páláì 24 V tó wà nínú àpótí iná, àti ẹnu wáyà ńlá tó gbé gbogbo wọn lọ sí orí lésà. Ẹ ṣílẹ̀kùn àpótí, ẹ fi mítà wọn 24 V yẹn nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Oníná tó mọ̀ ọ́n ni kó ṣe é o, torí iná ńlá wà nínú àpótí yẹn pẹ̀lú. Tó bá ti ń lọ sílẹ̀ sí 20 tàbí 21 nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ rìn, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Tó bá pé 24, ẹ yọ ẹnu wáyà ńlá náà, ẹ wo inú rẹ̀ bóyá omi tàbí ìpẹtà ti wọ̀ ọ́, kí ẹ tún un kì dáadáa.

Ìkìlọ̀ gíga nọ́súlù: èyí tó máa ń yọ wá lẹ́nu jù

Ọ̀pọ̀ orí lésà ló ń fi iná mànàmáná mọ bí òun ṣe jìnnà sí irin. Ẹ wò ó báyìí: ẹ na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú ara wọn láì jẹ́ kí wọ́n kanra. Ọ̀kan ni nọ́súlù, èkejì ni ṣíìtì irin. Iná díẹ̀ máa ń dúró sáàárín irin méjì tó bá kọjú síra báyẹn, bí wọ́n bá ṣe súnmọ́ra sí i ni iye rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kàpásítáǹsì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ ń ka iye yìí nígbà gbogbo, òun ló sì fi ń gbé nọ́súlù sókè tàbí sílẹ̀ kó lè dúró sí nǹkan bíi 0.5 sí 1 mm lórí irin. Tí iye náà bá ṣàdédé ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó gbà pé nọ́súlù ti kan irin, á sì dúró.

Tí ohun yìí bá ti yé yín, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó máa wò. Gbogbo ohun tó bá wọ àárín nọ́súlù sí irin, tàbí àárín nọ́súlù sí ara orí lésà, tàbí tó bá ba ọ̀nà iná yẹn jẹ́ títí dé àpótí, ni yóò di ìkìlọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, nọ́súlù. Ẹ tú u, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Irin yíyọ́ tó ta sókè máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà míì ó kéré bí ọmọ iná orí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin bàbà fọ̀ ọ́, ẹ má fi sáńpépà rẹ́ ẹnu rẹ̀. Tí ihò rẹ̀ ò bá rí roboto mọ́, tàbí tí etí rẹ̀ ti jó, ẹ jù ú nù. Ẹ fi ọwọ́ dì í padà le dáadáa. Nọ́súlù tó bá mì níwọ̀nba, iye yẹn ń mì pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì, òrùka sẹ̀rámíìkì. Òun ló ń ya nọ́súlù sọ́tọ̀ kúrò lára orí lésà kí iná má baà gba ibẹ̀ sá lọ. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sínú oòrùn bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹ máa yí i. Ẹ tún fi èékánná kàn án fẹ́ẹ́rẹ́: èyí tó dára máa ń dún gan-an bí abọ́ tánganran, èyí tó ti sán máa ń dún kú. Tó bá dọ̀tí tàbí tó tutù, ẹ fi isopropyl alcohol nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Omi kékeré tí ojú ò lè rí lára rẹ̀ tó láti da iye rú. Ní àsìkò òjò, tí ẹ bá rí i pé ìkìlọ̀ máa ń wà láàárọ̀ nìkan, tó sì ń lọ tó bá di ọ̀sán, òrùka yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ rí i pé òrùka irin tó dì í mú le. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kò sí ohun tó bàjẹ́, òrùka irin yẹn ló kàn tú díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta, mítà. Ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà tó ti orí lésà wá kúrò lára áńpílífáyà, àpótí kékeré tó wà nítòsí orí lésà. Ẹ yí mítà sí ibi tó máa ń dún. Ẹ fi ẹnu kan kan nọ́súlù, ẹ fi ìkejì kan abẹ́rẹ́ àárín ẹnu wáyà tí ẹ yọ náà: ó gbọ́dọ̀ dún. Ẹ wá gbé ẹnu kejì kúrò níbẹ̀, ẹ fi kan ara orí lésà: kò gbọdọ̀ dún rárá. Tó bá dún, nọ́súlù àti ara orí lésà ti kanra níbì kan, eruku irin ni tàbí sẹ̀rámíìkì tó sán. Tí ti àkọ́kọ́ ò bá dún, ọ̀nà ti já láàárín wọn. Àwọn orí lésà kan wà tí áńpílífáyà wọn wà nínú wọn lọ́hùn-ún. Àyẹ̀wò mítà yìí lè ṣì yín lọ́nà lórí irú wọn, ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, wáyà. Ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà, ẹ tan ẹ̀rọ, lésà kò gbọdọ̀ sí ní títàn. Ẹ jẹ́ kí nọ́súlù dúró lórí ṣíìtì láì rìn, kí ẹnì kan máa wo iye kàpásítáǹsì lójú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ti Ṣáínà wá ló ń lo BCS100, àpótí tó ń darí gíga nọ́súlù, ó máa ń fi iye náà hàn lójú rẹ̀. Kí ẹnì kejì máa mi wáyà díẹ̀díẹ̀, láti orí lésà títí wọ inú ṣéènì tó ń gbé wáyà rìn. Ibi tí iye bá ti fò nígbà tí ọwọ́ kàn án, ibẹ̀ ni wáyà ti já nínú. Ojú ibi tí ṣéènì ti ń tẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, torí ibẹ̀ ló ń tẹ̀ tó ń nà látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ má fi téèpù dì í. Ẹ pààrọ̀ wáyà náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún, ṣíìtì fúnra rẹ̀. Nọ́súlù nìkan kọ́ ni àtẹ́lẹwọ́, irin náà ni ìkejì, ó sì gbọ́dọ̀ kan tábìlì ẹ̀rọ dáadáa. Ṣíìtì tó ti dípẹtà lábẹ́, tó wà lórí eyín tábìlì tí ìdàrọ́ ti bò, kì í rí ọ̀nà fún iná. Ẹ ha eyín tábìlì. Nylon tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú stainless náà lè da sẹ́ńsọ̀ rú, pàápàá tó bá ti wú sókè. Ẹ ṣọ́ra ní etí ṣíìtì pẹ̀lú: níbẹ̀, ìdajì nọ́súlù nìkan ló kọjú sí irin, iye á lọ sílẹ̀, orí lésà á máa wálẹ̀ wá irin tí kò sí. Àti ègé kékeré tó bá yí ẹ̀gbẹ́ sókè lẹ́yìn tí ẹ gé e tán. Ìyẹn kì í ṣe ìkìlọ̀ èké. Ó kan nọ́súlù lóòótọ́.

Tó bá jẹ́ irin gálífánáísì lẹ̀ ń gé, tàbí tí ẹ ń fi agbára púpọ̀ gé irin tó nípọn, kùrukùru iná tó ń bú sókè láti ojú ibi tí ẹ ń gé tún lè gbé iná mànàmáná kọjá. Á jọ lójú sẹ́ńsọ̀ pé irin ti sún mọ́ ọn. Ẹ dín ìyára kù díẹ̀, ẹ gbé nọ́súlù sókè díẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó máa rọlẹ̀.

Ilẹ̀ Èkìtì àti ẹ́ẹ̀tì

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, torí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko dà mí láàmú, kò sì sí nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá. Nígbà ọyẹ́, tó bá ti di nǹkan bí aago kan ọ̀sán, iye kàpásítáǹsì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Láàárọ̀, ó dára. A pààrọ̀ sẹ̀rámíìkì, a pààrọ̀ wáyà, a tún pààrọ̀ áńpílífáyà. Kò yí padà. Ọ̀gbẹ́ni oníná kan tó wá tún pọ́ǹpù ṣe fún wa ló rí ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá irin tí iná ẹ̀rọ ń gbà wọ ilẹ̀, lẹ́yìn ilé, ó fẹsẹ̀ gbún ilẹ̀ ibẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yìí gbẹ bí ìkòkò." A da kórobá omi mẹ́rin sí i. Kó tó tó wákàtí kan, iye náà dúró jẹ́ẹ́.

Èkìtì, àwa la mọ̀ ọ́n, òkè àti àpáta ló yí wa ká. Ẹ wo Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹsẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ yangí. Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn gbá wọlẹ̀ díẹ̀ lè ṣiṣẹ́ nígbà òjò, tí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ á gbẹ, ẹ́ẹ̀tì á di orúkọ lásán. Ẹ pe oníná tó ní mítà ẹ́ẹ̀tì, kó wọ̀n ọ́n fún yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 4 ohm. Tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ́ kòtò jìn, kó fi ju ọ̀pá kan lọ, kó so wọ́n pọ̀, kó fi èédú àti iyọ̀ sí ìdí wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ máa bomi rin ín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí wáyà ẹ́ẹ̀tì nípọn, kó ti ara tábìlì ẹ̀rọ lọ tààrà, kó má gba ara ẹ̀rọ wẹ́dìn kọjá. Tó bá jẹ́ pé ìkìlọ̀ máa ń wá nígbà tí ẹ bá yí sí jẹnẹrétọ̀ nìkan, ẹ wo bóyá wọ́n so ara jẹnẹrétọ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tì kan náà.

Kíkọ́ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ nọ́súlù, sẹ̀rámíìkì tàbí wáyà, ẹ gbọ́dọ̀ tún sẹ́ńsọ̀ kọ́, kalibréṣọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí nọ́súlù tutù ná. Ẹ gbé orí lésà sáàárín ṣíìtì tó mọ́, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kì í mì, ẹ gbé e wálẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀ kó kan irin, ẹ wá ní kó ṣe kalibréṣọ̀nù. Ó máa rọra kan irin, á tún gbéra, á sì sọ fún yín bóyá ìdúróṣinṣin rẹ̀ dára tàbí kò dára. Tó bá sọ pé kò dára, ẹ má fipá gbà á. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní.

Tó bá jẹ́ pé ó máa ń gé dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú kí iye tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá, nọ́súlù ló ń gbóná jù. Ẹ wò ó bóyá lésà ń kan ẹ̀gbẹ́ ihò nọ́súlù dípò kó gba àárín. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ẹnu nọ́súlù, ẹ wọ gọ́gù, ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ yin lésà ẹyọ kan ní agbára kékeré, ẹ pa á, kí ẹ wá yọ sẹ́lótéèpù náà wò. Ihò kékeré yẹn gbọ́dọ̀ wà láàárín òbíríkítí tí ẹnu nọ́súlù tẹ̀ sára rẹ̀ gẹ́lẹ́. Tó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ìdè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí lésà dá a padà.

Ìkìlọ̀ gíláàsì ààbò

Gíláàsì ààbò ló wà lábẹ́ lẹ́ńsì, inú dúrọ́ọ̀ kékeré kan ló ń gbé, òun ló ń gba ìdọ̀tí kó má baà dé ara lẹ́ńsì. Ọ̀pọ̀ orí lésà tó bóde mu ní sẹ́ńsọ̀ méjì níbí: ọ̀kan ń wò bóyá dúrọ́ọ̀ gíláàsì wà ní ipò rẹ̀, èkejì ń wọn bí gíláàsì ṣe gbóná tó. Tó bá jẹ́ ti dúrọ́ọ̀, ẹ fà á, ẹ tì í padà títí á fi dún, ẹ di ìdè rẹ̀. Ó sábà máa ń tán síbẹ̀.

Ti ooru ni kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Gíláàsì tó mọ́ ń jẹ́ kí lésà kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba nǹkan kan sára. Èyí tó dọ̀tí ń gba ìmọ́lẹ̀ náà sára rẹ̀, ó ń gbóná. Tó bá fọ́ nígbà tí lésà ń ṣiṣẹ́, eruku rẹ̀ máa bọ́ sórí lẹ́ńsì tó wà lókè rẹ̀, owó ìyẹn sì lè ra gíláàsì ààbò tó pọ̀. Nítorí náà, tó bá ti kìlọ̀ pé ó gbóná, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá ku ihò kan.

Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ pa fáànù. Ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ní ìgbà ọyẹ́ ẹ tún dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eruku rọlẹ̀. Ẹ fi isopropyl nu ìta orí lésà yí ká dúrọ́ọ̀. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ jáde, kíá kí ẹ fi téèpù mímọ́ bo ojú ihò tó ṣí sílẹ̀. Ẹ di etí gíláàsì mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀ láé. Ẹ gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ẹ dẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́. Eruku lásán máa ń hàn bí ìràwọ̀ funfun. Ojú jíjó máa ń dúdú tàbí pọ́n rúsúrúsú, kì í sì í nù.

Eruku la lè fọ̀. Ẹ ki òwú tí kì í ta fọ́nrán bọ isopropyl alcohol tó mọ́ tó 99% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ nù láti àárín lọ sí etí lẹ́ẹ̀kan, ẹ jù ú nù, ẹ mú òmíì. Sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún ojú ọgbẹ́ kò dára tó, omi àti àwọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹ̀wù nù ún. Tí ojú jíjó bá wà, bó ti wù kó kéré, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo rọ́bà tó yí i ká pẹ̀lú, tó bá ti jó, gáàsì á máa gba ibẹ̀ wọ òkè.

Tí gíláàsì tuntun bá ń jó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀bi ò sí lọ́dọ̀ gíláàsì. Tó bá jẹ́ atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lẹ fi ń gé, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí: ẹ pa lésà, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí atẹ́gùn nìkan, ẹ fi ìwé tíṣù funfun sábẹ́ nọ́súlù fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tí a kọ́kọ́ ṣe é, tíṣù wa tutù, àmì òróró pupa rúsúrúsú kan sì wà láàárín rẹ̀, ó fẹ̀ tó owó náírà kan àtijọ́. Gbogbo ìyẹn ló ti ń lọ sórí gíláàsì. A pààrọ̀ fílítà, a tún ẹ̀rọ tó ń gbẹ atẹ́gùn ṣe, a ń tú omi ìdí táǹkì jáde láàárọ̀ àti ní ọ̀sán. Irin yíyọ́ tó ń ta sókè nígbà tí lésà bá ń lu ihò àkọ́kọ́ tún ni ìdí kejì. Ẹ gbé nọ́súlù ga sí i nígbà lílu ihò, kí ẹ lù ú ní ìpele ìpele.

Tí ẹ bá fi gíláàsì tuntun sí i, tí ooru tún gòkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdọ̀tí ti dé orí lẹ́ńsì lókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń gé irin. Ibi tí kò sí eruku rárá ni wọ́n ti ń ṣí i.

Gáàsì àti omi

Ti gáàsì kì í le. Ẹ wo géèjì nígbà tí gáàsì ń jáde, kì í ṣe nígbà tó dúró. Tí géèjì ìdí sílíńdà bá wà bó ṣe wà, tí ti orí lésà sì já wálẹ̀, nǹkan dí láàárín, fílítà tàbí rọ́bà tó ká. Tí méjèèjì bá já, sílíńdà ti ń tán. Náítírójìn fún stainless sábà máa ń fẹ́ 10 sí 20 bar, ọ́síjìn fún irin dúdú tó nípọn kì í sì í sábà kọjá nǹkan bíi 1 bar. Nítorí náà nọ́ńbà tó jẹ́ ìkìlọ̀ fún ọ̀kan dára fún èkejì, ẹ rí i pé ẹ yan gáàsì tó tọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi wá ibi tó ń jò. Ẹ má jẹ́ kí òróró tàbí gíríìsì kan ohunkóhun tó jẹ́ ti ọ́síjìn, ó lè gbiná láìsí ìṣáná.

Ti omi ni chiller, ẹ̀rọ tó ń fi omi tu lésà lára. Tó bá kìlọ̀ pé omi ò ṣàn tó, ẹ wo fílítà rẹ̀, ẹ wo bóyá rọ́bà kan ti ká, ẹ wo àwọ̀ omi náà. Omi kànga àti pure water kò yẹ nínú rẹ̀, omi dísítílì ni, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ìwé ẹ̀rọ ṣe wí. Àmọ́ ìkìlọ̀ ọ̀rinrin ló ń gba àlàyé. Tí afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù bá wà ní 28°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì tó 80%, bó ṣe máa ń rí ní Adó nígbà òjò, ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bíi 24°C lọ yóò làágùn, bí ìgò omi tútù ṣe ń làágùn lórí tábìlì. Tí ẹ bá wá fi omi orí lésà sí 22°C torí ẹ rò pé bó bá ṣe tutù sí ló dára sí, ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara yín da omi sórí lẹ́ńsì. Ẹ gbé e sókè ju ìwọ̀n yẹn lọ, nǹkan bíi 28 sí 30°C fún ti orí lésà, bí ìwé ẹ̀rọ bá gbà bẹ́ẹ̀. Tí iná bá lọ tó sì dé, ẹ má tan lésà lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí chiller ṣiṣẹ́ títí omi yóò fi dé ìwọ̀n tí ẹ fi í sí.

Ẹ má so wáyà pọ̀ láti pa ẹnu sẹ́ńsọ̀ mọ́

Mo ti rí ibi tí òṣìṣẹ́ kan ti fi wáyà kékeré so ẹnu ìkìlọ̀ pọ̀ kí iṣẹ́ lè tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Orí lésà fi ara gbá ègé kan tó dìde sókè, ó wọ́ ọ, ó fa nọ́súlù, sẹ̀rámíìkì àti ìdí tó gbé wọn jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo rí i, torí ègé yẹn ni ìkìlọ̀ ti ń sọ fún wọn láti ọ̀sán. Tí ẹ bá dé ibi tí ọwọ́ yín ò tó mọ́, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ ní fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, orúkọ orí lésà, nọ́ńbà ara rẹ̀, àti ohun tí mítà sọ ní ìgbésẹ̀ kẹta lọ́wọ́. Ó máa ń ju ìdajì iṣẹ́ lọ fún un.

Tí ẹ bá rò pé ẹ ti tún un ṣe, ẹ fi ègé irin tí kò wúlò dán an wò kí ẹ tó gbé ṣíìtì oníbàárà sórí tábìlì: ihò mẹ́wàá láàárín, ihò mẹ́wàá nítòsí etí, kí ẹ máa wo iye kàpásítáǹsì. Ẹ kọ déètì àti ohun tí ẹ ṣe sínú ìwé.

Àpótí kan wà lábẹ́ tábìlì kọ̀ǹpútà wa báyìí, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Nọ́súlù mẹ́wàá ní ìwọ̀n tí à ń lò jù, òrùka sẹ̀rámíìkì mẹ́ta, gíláàsì ààbò márùn-ún nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá, rọ́bà gíláàsì méjì, wáyà sẹ́ńsọ̀ kan, ìgò isopropyl, òwú, téèpù àti tọ́ọ̀ṣì kékeré. Ó kọ iye kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ìdérí, tó bá ti mú ọ̀kan, á fagi lé nọ́ńbà, á kọ tuntun. Ọjọ́ tí sẹ̀rámíìkì bá ku ẹyọ kan la máa ń ránṣẹ́ sí Èkó.